Báwo ni a ṣe lè kọ module tí kò ní dárúkọ module mìíràn tí ó gbára lé?

Akọ̀wéÈtò béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Mò ń kọ ètò kan ní èdè Python fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣàkọsílẹ̀ owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dá, ẹ̀yáwó tí wọ́n gbà, àti èlé orí rẹ̀. Mo pín in sí module (ìyẹn fáìlì kóòdù tí ó ní iṣẹ́ tirẹ̀) mẹ́ta: iwe_owo ni ó ń ṣe ìṣirò, ipamo ni ó ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, ijabo sì ni ó ń tẹ ìròyìn oṣooṣù jáde. Lórí ìlà àkọ́kọ́ nínú iwe_owo àti ijabo ni mo ti kọ "import ipamo", ìyẹn àṣẹ tí ó ń kó ipamo wọlé, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀ka ẹgbẹ́ tí ó wà ní ìlú ńlá ń lo PostgreSQL, dátábéèsì tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà, ṣùgbọ́n ẹ̀ka ìgbèríko, níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ti í dúró, ń lo SQLite, dátábéèsì tí ó wà nínú fáìlì kan, lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká kan. Bí ọdún bá parí, tí a fẹ́ da ìwé ẹ̀ka méjèèjì pọ̀, ètò kan ṣoṣo ni ó gbọ́dọ̀ ṣí ibi ìpamọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Python kò jẹ́ kí èyí rọrùn, nítorí gbogbo module tí ó bá ti kó wọlé ni ó máa ń tọ́jú sínú àtẹ kan tí ó ń jẹ́ sys.modules, tí ó fi jẹ́ pé bí fáìlì mẹ́wàá bá kọ "import ipamo", ọ̀kan ṣoṣo náà ni gbogbo wọn yóò rí. Ohun tí mo bá yí padà nínú rẹ̀ nítorí ẹ̀ka kan ti yí padà fún èkejì nìyẹn. Nígbà ìdánwò, unittest.mock, irinṣẹ́ Python tí ó ń fi ayédèrú rọ́pò ohun gidi, ni mo fi ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé láti pààrọ̀ ipamo. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ sí i.

Mo gbọ́ pé àwọn èdè kan wà tí module kò ti jẹ́ fáìlì lásán, tí a lè tò wọ́n pọ̀ láti ìta ní ọ̀nà tí ó bá wù wá. Mo fẹ́ mọ bí èyí ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an àti ohun tí yóò ná ẹni tí ó bá lò ó, kí n sì tún mọ̀ bóyá dandan ni kí n fi Python sílẹ̀ kí n tó lè jẹ àǹfààní rẹ̀.

Òǹkàwé_ML fèsì:

Ẹ ṣeun tí ẹ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà yékéyéké. Ibi tí ó ti wọ́ ni pé iwe_owo dárúkọ ẹni tí yóò bá a ṣiṣẹ́ dípò kí ó sọ irú iṣẹ́ tí ó nílò. Alásè tí ó bá ti búra pé ata ìyá tí ń bẹ ní òdìkejì ọ̀nà nìkan ni òun lè fi se ọbẹ̀ kò ní í rí ọbẹ̀ sè lọ́jọ́ tí ìyá náà kò bá pàtẹ, bí ata tilẹ̀ kún ọjà.

Nínú ìdílé èdè ML ni mo ti rí ojútùú tí ó mọ́ jù lọ sí i. Ní ọdún 1984, David MacQueen gbé àbá ètò module kalẹ̀ fún Standard ML. OCaml, tí àwọn onímọ̀ INRIA, ilé ìwádìí kọ̀ǹpútà ní ilẹ̀ Faransé, dá sílẹ̀, sì mú irú ètò náà lò ní ọ̀nà tirẹ̀. Nínú rẹ̀, structure ni àkójọ àwọn iṣẹ́ àti irú dátà tí a ti kọ tán. Signature ni ìwé àdéhùn tí ó sọ ohun tí structure kan gbọ́dọ̀ ní, láìsọ bí ó ṣe ń ṣe é. Functor sì ni module tí ó ń gba module mìíràn wọlé, tí ó sì ń fi í kọ́ module tuntun. Bí a bá fi OCaml kọ ìwé owó yín, yóò rí báyìí:

```
module type IPAMO = sig
  type t
  val ko : t -> string -> int -> unit
  val ka : t -> string -> int option
end

module Iwe_owo (I : IPAMO) = struct
  let fi_kun ipamo oruko iye =
    let tele = Option.value (I.ka ipamo oruko) ~default:0 in
    I.ko ipamo oruko (tele + iye)
end

module Iwe_ilu = Iwe_owo (Ipamo_postgres)
module Iwe_igberiko = Iwe_owo (Ipamo_sqlite)
```

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ibi tí ara Iwe_owo ti dárúkọ PostgreSQL tàbí SQLite. Compiler, ìyẹn ètò tí ó ń yẹ kóòdù wò tí ó sì ń sọ ọ́ di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe, yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì fi wé signature IPAMO nìkan, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì kọ ìpamọ́ gidi kankan. Ìlà méjì tí ó gbẹ̀yìn ni ó so nǹkan pọ̀, wọ́n sì lè wà nínú fáìlì tí ó jìnnà pátápátá sí Iwe_owo. Iwe_ilu àti Iwe_igberiko yóò jọ wà nínú ètò kan, tí ọ̀kan kò ní mọ̀ rárá pé èkejì wà.

Kì í ṣe inú ìwé ìwádìí nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Láíbìrì tí ó bá OCaml wá ń fi functor ṣe Set.Make, tí ó ń dá irú àkójọ sílẹ̀, àti Map.Make, tí ó ń dá irú àtẹ atọ́ka sílẹ̀. MirageOS tilẹ̀ gbé e dé ibi tí ó ga ju ìyẹn lọ: irinṣẹ́ OCaml tí wọ́n fi ń kọ unikernel ni, ìyẹn ètò tí ó gbé ìwọ̀nba apá operating system tí ó nílò dání fúnra rẹ̀. Nínú rẹ̀, láíbìrì TCP (òfin ìfiránṣẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) jẹ́ functor tí ó ń béèrè fún ìpele nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí yóò wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà kóòdù kan náà lè ṣiṣẹ́ bí ètò lásán lórí Linux nígbà ìdánwò, kí ó sì di virtual machine (ẹ̀rọ àfarawé) lórí Xen, ètò tí ó ń gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, nígbà tí a bá fẹ́ gbé e síta. Ohun tí a fún functor nìkan ni ó yí padà.

Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ètò bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni ẹ fẹ́ yan ibi ìpamọ́, bóyá nípa kíka fáìlì kan, èyí náà ṣeé ṣe. Láti OCaml 3.12, tí ó jáde ní ọdún 2010, a lè di module bí ẹrù, kí a fi ránṣẹ́ sí function kan, kí function náà sì tú u lò.

Akọ̀wéÈtò fèsì:

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo fi OCaml sórí ẹ̀rọ mi, mo sì kọ ọ́ bí ẹ ti wí, àfi pé mo fi signature kan tí mo pè ní IWE bo èsì functor náà, tí mo sì kọ "type dukia" sínú rẹ̀ láti dúró fún ibi ìpamọ́. Compiler wá ń sọ fún mi pé Ipamo_sqlite.t kì í ṣe irú kan náà pẹ̀lú Iwe_igberiko.dukia. Èmi mọ̀ pé ohun kan náà ni wọ́n. Kí ló dé tí òun kò mọ̀?

Òǹkàwé_ML fèsì:

Ó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Signature IWE ni ó ní kí ó gbàgbé. Nígbà tí ẹ kọ "type dukia" láìfi nǹkan kan tẹ̀ lé e, ohun tí ẹ sọ ni pé ẹnikẹ́ni tí ó bá wà lóde kò gbọdọ̀ mọ ohun tí dukia jẹ́. Ẹ kọ orí functor náà báyìí, yóò sì gbà:

```
module Iwe_owo (I : IPAMO) : IWE with type dukia = I.t
```

Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń pa èdè náà tì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀. Bí a bá ń tò module pọ̀, ìṣòro tí ó le jù kì í ṣe bí a óò ṣe fi iṣẹ́ kan rọ́pò òmíràn. Bí a óò ṣe fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé module méjì tí wọ́n pàdé lẹ́yìn ń sọ̀rọ̀ nípa dátà kan náà ni. Ẹ mú Set.Make gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ká ní ẹ ṣe àkójọ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ méjì. Èkíní ń tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí byte ṣe tẹ̀ léra, níbi tí lẹ́tà "ẹ" yóò ti wá lẹ́yìn "z", tí "gbogbo" yóò sì ṣáájú "gígùn". Èkejì ń tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá, níbi tí gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú g ti ń ṣáájú gb, tí lẹ́tà "ẹ" sì ń tẹ̀ lé lẹ́tà "e" gbágbágbá. Nínú ẹ̀rọ, igi (ìyẹn ìtò dátà tí ó ń yà sí ẹ̀ka) tí wọ́n tò ní ọ̀nà méjì ni àwọn àkójọ wọ̀nyí. Bí ètò bá da méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n, orúkọ kan lè wà nínú àkójọ náà, kí a wá a, kí a má sì rí i. OCaml kò ní gbà kí ẹ dà wọ́n pọ̀, nítorí pé ohun tí a fún Set.Make lẹ́ẹ̀kíní yàtọ̀ sí ohun tí a fún un lẹ́ẹ̀kejì, irú tí ó ti ibẹ̀ jáde sì di méjì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lo Set.Make níbi méjì lórí module kan náà tí ó ní orúkọ, OCaml yóò kà wọ́n sí irú kan ṣoṣo. Standard ML kò gbà bẹ́ẹ̀: lójú tirẹ̀, gbogbo ìgbà tí a bá lo functor ni irú dátà tí ó fi pa mọ́ ń di tuntun. Láti OCaml 4.02, ẹni tí ó bá fẹ́ ti Standard ML lè béèrè fún un nípa fífi àkámọ́ òfìfo kún functor rẹ̀.

Èdè Haskell gba ọ̀nà mìíràn. Níbẹ̀, wọ́n retí kí irú dátà kan ní ọ̀nà ìtòlẹ́sẹẹsẹ kan ṣoṣo nínú gbogbo ètò, nípa bẹ́ẹ̀ Data.Set, láíbìrì àkójọ tirẹ̀, kò nílò functor. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìtòlẹ́sẹẹsẹ kejì yóò fi newtype dá irú tuntun sílẹ̀ fún un. Ó rọrùn láti kọ, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ tiyín ní pàtó, níbi tí ìpamọ́ méjì fẹ́ jọ wà, èmi fara mọ́ functor.

Ọ̀dọ́mọdé_GHC fèsì:

Kí a má gbàgbé Backpack. Ó wọ inú GHC 8.2, compiler Haskell, ní ọdún 2017, ó sì ń jẹ́ kí package (àkójọ kóòdù tí a ń pín) Haskell kan fi signature sílẹ̀ bí àyè òfìfo, kí package mìíràn wá dí i. Ìbànújẹ́ rẹ̀ ni pé ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń lò ó.

Àgbà_Ṣọ́ọ̀bù fèsì:

Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ má bínú sí mi. Ohun tí Òǹkàwé_ML sọ dára, ó sì jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n arákùnrin yìí ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tí ó ń retí ètò rẹ̀, kò sì yẹ kí a rán an lọ kọ́ èdè tuntun nítorí import kan. Kí ó kọ class IweOwo, ìyẹn àwòṣe tí a lè fi dá ohun púpọ̀ sílẹ̀, kí __init__ rẹ̀, iṣẹ́ tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá ń dá ọ̀kan sílẹ̀, gba ipamo wọlé, kí ó sì pa ìlà "import ipamo" rẹ́. Ó ti parí. IweOwo méjì, ìpamọ́ méjì, ètò kan. Bí ó bá fẹ́ ìwé àdéhùn tí ẹ̀rọ lè yẹ̀ wò, Protocol ti wà nínú typing láti Python 3.8: a ó kọ orúkọ àwọn iṣẹ́ tí a retí síbẹ̀, mypy, irinṣẹ́ tí ó ń yẹ irú dátà wò nínú kóòdù Python, yóò sì yẹ̀ wọ́n wò, láìjẹ́ pé class ìpamọ́ kọ ọ́ síbì kankan pé òun ń tẹ̀ lé Protocol náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni interface ṣe rí nínú èdè Go.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí functor ń ná ènìyàn pẹ̀lú. Bí functor kan bá gba module méje, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn sì ti inú functor mìíràn jáde, ìlà "with type" yóò gùn ju iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe lọ, ìròyìn àṣìṣe yóò sì kún ojú ìwé. Nínú MirageOS tí ẹ fi yangàn, wọ́n ní láti kọ irinṣẹ́ kan tí ó ń bá ènìyàn kọ àwọn ìlà tí ó ń so functor pọ̀, nítorí pé kíkọ wọn lọ́wọ́ ti ń sú ni. Àwọn tí ó ń tọ́jú rẹ̀ pàápàá ti ń yọ functor kúrò lórí àwọn nǹkan bí aago, tí ó jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ni ètò kan sábà máa ń nílò.

David Parnas sọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣáájú gbogbo èyí ní ọdún 1972. Ó mú ètò kékeré kan tí ń ṣe atọ́ka ọ̀rọ̀, ó pín in sí module ní ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìíní tẹ̀ lé ìgbésẹ̀ iṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ léra. Èkejì fi ìpinnu kọ̀ọ̀kan tí ó ṣeé ṣe kí ó yí padà pa mọ́ sínú module kan. Èkejì ni ó rọrùn láti tún ṣe. Bí ẹ kò bá mọ ìpinnu tí ipamo ń fi pa mọ́, kò sí functor tí yóò gbà yín: ẹ óò kàn máa pààrọ̀ module ni, kóòdù SQL, èdè tí a fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, yóò sì ṣì máa jò wọ inú ijabo.

Ìyálóde_Kóòdù fèsì:

Mo fara mọ́ Àgbà lórí Python, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi apá kan kún un tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ bí class àti module bá jẹ́ ohun kan náà?

Ní ọdún 1992, Gilad Bracha kọ ìwé ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Utah lórí èdè kan tí ó pè ní Jigsaw. Àlàyé rẹ̀ ni pé ohun tí a ń pè ní ìjogún láàárín class jẹ́ ìdàpọ̀ oríṣiríṣi iṣẹ́ kéékèèké tí a lè ṣe lórí module, pé ó sì sàn kí a tú wọn ká kí olúkúlùkù lè dá dúró: ọ̀kan ń da module méjì pọ̀, ọ̀kan ń jẹ́ kí ti ẹnì kan borí ti èkejì, ọ̀kan ń pààrọ̀ orúkọ, ọ̀kan ń fi orúkọ pa mọ́. Ẹni tí ó bá ti lo include, tí ó ń da module mọ́ class, nínú èdè Ruby ti tọ́ díẹ̀ wò nínú èrò yìí.

Bracha kan náà ni ó wá ṣe Newspeak lẹ́yìn náà. Nínú èdè yìí, kò sí import rárá, kò sì sí orúkọ kan tí gbogbo ayé jọ ń pín. Module jẹ́ class tí ó wà lókè pátápátá, ohun tí a bá sì fi lé e lọ́wọ́ nígbà tí a ń dá a sílẹ̀ nìkan ni ó lè rí. Ìmọ̀ràn tí Àgbà fún wa lórí __init__ ni èdè yìí sọ di òfin. Èrè rẹ̀ kò sì mọ sórí ìdánwò, nítorí pé module tí a kò bá fún ní fáìlì kò lè ka fáìlì, èyí tí a kò sì fún ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò lè fi nǹkan ránṣẹ́ síta. Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí event-stream, package kan lórí npm, ibi tí àwọn tí ń fi JavaScript kọ ètò ti ń gba package, ní ọdún 2018, nígbà tí ẹnì kan ti package búburú kan bọ inú rẹ̀ láti jí bitcoin inú ètò kan tí ó ń lò ó. Package tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa darí ìṣàn dátà lọ ní ọwọ́ tí ó lè nà dé gbogbo ibi, nítorí pé nínú Node, ètò tí ó ń gbé kóòdù JavaScript ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wọlé lè pe ohunkóhun tí ó bá wù ú. Lójú tèmi, ìdí yìí lágbára ju ti ìdánwò lọ.

Èdè Racket ní tirẹ̀ tí ó ń jẹ́ unit, láti inú iṣẹ́ tí Matthew Flatt àti Matthias Felleisen gbé jáde ní ọdún 1998. Unit ń kọ ohun tí ó nílò àti ohun tí ó ń fúnni sílẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò sì so ó mọ́ àwọn yòókù. Ó tún gbà kí unit méjì gbára lé ara wọn ní òbìrí, èyí tí functor lásán kò lè ṣe. Àwọn tí ó ń kọ àfikún fún DrRacket, ètò tí a fi ń kọ kóòdù Racket, ń lò ó títí di òní: àfikún kọ̀ọ̀kan jẹ́ unit, DrRacket fúnra rẹ̀ ni ó sì ń fún un ní ohun tí ó béèrè fún.

Akọ̀wéÈtò fèsì:

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ọ̀nà Àgbà ni mo fẹ́ gbà báyìí, pẹ̀lú Protocol, n ó sì máa fi OCaml kọ́ ara mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìbéèrè kan ṣẹ́kù. Bí iwe_owo àti ijabo kò bá dárúkọ ìpamọ́ mọ́, ta ni yóò dárúkọ rẹ̀? Ṣé ó sì burú bí ijabo bá ṣí ìsopọ̀ tirẹ̀ sí PostgreSQL, nígbà tí ó jẹ́ pé kíkà nìkan ni ó ń kà?

Àgbà_Ṣọ́ọ̀bù fèsì:

Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ fáìlì kan ṣoṣo, èyí tí ẹ fi ń tan ètò náà. Níbẹ̀ ni PostgreSQL àti SQLite yóò ti jẹ́ orúkọ. Bí ẹ bá wá orúkọ méjèèjì káàkiri kóòdù yín, kí ẹ má rí wọn níbòmíràn àfi nínú fáìlì yìí àti nínú module ìpamọ́ méjèèjì.

Ní ti ìsopọ̀, ó lè burú. Bí iwe_owo bá ti kọ owó sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò tíì ṣe COMMIT, ìyẹn àṣẹ tí ó ń fìdí àkọsílẹ̀ múlẹ̀, ìsopọ̀ mìíràn sí PostgreSQL kò ní í rí owó náà, nítorí náà ìròyìn tí ẹ bá tẹ̀ láàárín ìdàpọ̀ ìwé yóò fi àpapọ̀ àtijọ́ hàn, láìsí àṣìṣe kankan tí yóò ta yín lólobó. Ẹ fún iwe_owo àti ijabo ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ipamo kan náà gan-an, nínú fáìlì ìbẹ̀rẹ̀ yẹn. Bí ó bá di ọjọ́ tí ìròyìn ń pẹ́ jù, tí ẹ fẹ́ kí ó máa kà láti ibòmíràn, ìlà kan ṣoṣo ni ẹ óò yí padà níbẹ̀.